Ẹ Jẹ́ Kí Ann Walker Gbé Òkú Anne Lister Wálé: Lẹ́tà Ṣíṣí sí BBC

Ẹ̀yin aláṣẹ ẹ̀ka eré BBC,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo gbé wá, mi ò sì ní fi falẹ̀: ẹ dákun, ẹ parí Gentleman Jack, eré orí tẹlifíṣàn yín nípa ìfẹ́ obìnrin méjì, Anne Lister àti Ann Walker. Ìpele méjì lẹ ti ṣe, apá mẹ́jọ mẹ́jọ. Ti àkọ́kọ́ bọ́ sórí BBC One ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, ìkejì ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Nígbà tó fi máa di oṣù keje ọdún 2022 náà, HBO ní Amẹ́ríkà tí ẹ jọ ń náwó sí i ti yọwọ́. Láti ìgbà náà ni eré ọ̀hún ti dúró sójú kan. Níbi tí ẹ fi Anne Lister àti Ann Walker sí, wọ́n jọ ń gbé lábẹ́ òrùlé kan ní Shibden Hall, ẹbí ń fapá jánú, ọ̀rọ̀ owó èédú ò sì tíì rọ̀. Ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn parí sí. Àwa tá a fẹ́ràn wọn mọ ibi tó parí sí, ó sì ń dùn wá pé ẹ ò tíì mú wa débẹ̀.

Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ nítorí òun ló máa ń wá sí mi lẹ́nu nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ká mi lára, àti nítorí pé mo fẹ́ kí àwọn èèyàn mi náà gbọ́. Ẹ ní iléeṣẹ́ ìròyìn Yorùbá tiyín láti ọdún 2018. Ẹ ò ní ṣàìrí ẹni tó máa kà á fún yín. Ẹ wáá gbà mí láyè kí n kọ́kọ́ yíjú sí àwọn tí ò gbọ́ orúkọ Anne Lister rí.

Ọmọ Halifax ni, ní Yorkshire, níhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1791 ni wọ́n bí i. Nígbà tí arákùnrin bàbá rẹ̀ kú ní 1826, òun ló fi ilé àti ilẹ̀ Shibden lé lọ́wọ́. Obìnrin yìí a máa lọ gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ayálégbé fúnra rẹ̀, a máa wa èédú, a máa bá àwọn ọkùnrin olówó ìlú dúnàádúrà lójú kojú, a sì máa fẹsẹ̀ rin máìlì lórí máìlì nínú ẹ̀wù dúdú láti òkè délẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan nílùú a máa pè é ní Gentleman Jack. Ìpele kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 1832, ìyẹn àwọn ọdún tí ogun ń tú Ọ̀yọ́ Ilé ká lọ́dọ̀ tiwa. Anne ti lé lógójì ọdún nígbà náà. Ó ti pinnu pé obìnrin lòun máa fi ṣe aya: kí àwọn jọ máa gbé, kí àwọn pa dúkìá pọ̀, kí àwọn sì jọ dúró níwájú Ọlọ́run. Ann Walker tó ń gbé nítòsí ló wá gbójú lé. Ann fi ọdún méjìlá kéré sí i. Àwọn òbí rẹ̀ ti kú, arákùnrin rẹ̀ náà ti kú, ogún ńlá sì ti bọ́ sọ́wọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Bí èmi ṣe bá wọn pàdé kò le. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Leeds. Ìyá kan níbẹ̀, ọmọ bíbí Halifax, ló ní kí n jókòó ti òun lálẹ́ Sunday kan, òun fẹ́ wo nǹkan. Ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin kan ló já wọ ìlú lójú tẹlifíṣàn, eré burúkú, obìnrin kan ló sì di ìjánu mú. Ó dá ọkọ̀ dúró, ó bọ́ sílẹ̀, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó sì ń rìn lọ láìwo ẹnikẹ́ni lójú. Nígbà tó yá, ó yíjú sí wa láti inú eré, ó wò wá bí ẹni tó fẹ́ bá wa dá sí ọ̀rọ̀. Ìyá yẹn rẹ́rìn-ín, ó gbá mi lọ́wọ́, ó ní: "Tiwa nìyẹn." Mo délé, mo wá apá yòókù, mi ò sì sinmi títí mo fi wo gbogbo rẹ̀ tán. Mo tún un wò. Mo ra ìwé. Mo wá mọ orúkọ àwọn ayálégbé rẹ̀ àti orúkọ àwọn tó ń jí èédú rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀.

Kí ló mú mi tó bẹ́ẹ̀? Àwọn kan á rò pé fífi ẹnu ko ẹnu ni. Rárá o. Ìbẹ̀rù Ann Walker ni. Eré ìfẹ́ tí mo ti wò láyé mi ò kéré, mi ò sì tíì rí èyí tó ní sùúrù fún ẹni tó ń bẹ̀rù tó báyìí. Ann fẹ́ Anne, ó sì ń bẹ̀rù ohun tó fẹ́. Lónìí á ní bẹ́ẹ̀ ni, lọ́la á ní rárá, lọ́tunla á sunkún. Àlùfáà kan tó yẹ kó dáàbò bò ó ti ṣe é níṣekúṣe. Lóru, a máa gbọ́ ohùn tó ń sọ fún un pé ọ̀run àpáàdì ló ń lọ. Sophie Rundle tó ṣe Ann kì í pariwo. Bó ṣe ń mí ló fi ń ṣe é. Ẹ máa rí i tó fẹ́ sọ̀rọ̀, èémí á wọlé, ọ̀rọ̀ ò ní jáde, Anne á sì dúró níwájú rẹ̀, òun tó jẹ́ pé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Suranne Jones tó ṣe Anne náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì: ìgbà tí agbára bá tán nínú Anne, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi í pa mọ́, kò ní ṣeé ṣe.

Ẹ wá wo àwọn ẹbí. Ìyàwó Priestley, ìbátan Ann, ṣílẹ̀kùn wọlé bá àwọn méjèèjì, ó rí ohun tó rí, ọ̀rọ̀ sì ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo ìdílé. Wọ́n mú Ann lọ sí Scotland, sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n náà, Captain Sutherland, ti wá ọkọ sílẹ̀ dè é: ìbátan tirẹ̀ tí kò lówó lọ́wọ́. Èwo nínú àwa ọmọ Yorùbá ni kò mọ ìpàdé ẹbí irú ìyẹn? Wọ́n á jókòó yí ọmọbìnrin olówó ká, oníkálukú á ní ire rẹ̀ lòun ń wá, ojú gbogbo wọn á sì wà lára ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Níbẹ̀ gan-an ni mo ti gbà pé eré yìí mọ ohun tó ń sọ. Ìfẹ́ obìnrin méjì ni wọ́n ń pè é, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ogún wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ta ló láṣẹ lórí obìnrin tí kò lọ́kọ wà nínú rẹ̀.

Mo tún fẹ́ràn rẹ̀ pé ẹ ò sọ Anne Lister di áńgẹ́lì. Kí ìfẹ́ tó wọ̀ ọ́ lára, ó ti ṣírò owó Ann. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Sally Wainwright tó kọ eré yìí sì gbé e jáde bẹ́ẹ̀. Alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú Tory paraku ni Anne. Ó ń fúngun mọ́ àwọn ayálégbé rẹ̀ kí wọ́n lè dìbò síbi tí òun fẹ́, bẹ́ẹ̀ òun alára ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò torí pé obìnrin ni. Ẹ jẹ́ ká rí gbogbo rẹ̀. Èèyàn tó pé lẹ fi hàn wá, òun ló jẹ́ ká lè fẹ́ràn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìlú York. Ní oṣù kejì ọdún 1834 wọ́n fún ara wọn ní òrùka. Nígbà tó di ọjọ́ Àjíǹde, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹta ọdún náà, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Trinity ní Goodramgate, wọ́n sì jọ gba Ara Olúwa. Kò sí ìwé, kò sí àlùfáà tó so wọ́n pọ̀. Àwọn méjèèjì ló mọ ohun tí àwọn wá ṣe. Ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ìwé Àdúrà ọdún 1662 tó wà lọ́wọ́ àwọn tó kúnlẹ̀ níbẹ̀ náà ni àwọn míṣọ́nnárì CMS gbé dé Abẹ́òkúta ní 1846, òun náà ni ìyá mi fi kọ́ mi ní àdúrà, ní Yorùbá. Mo mọ ohun tí àlùfáà ń sọ kó tó sọ ọ́. Nígbà tí Ann kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Anne, omi ti bọ́ lójú mi, mi ò sì nu ún. Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ó kéré, ìjókòó onígi ayé àtijọ́ tó ní ilẹ̀kùn ló wà nínú rẹ̀, ó sì pamọ́ sẹ́yìn àwọn ilé ìtajà tó bẹ́ẹ̀ tí o fi lè kọjá rẹ̀. Lára ògiri níta, wọ́n fi àkọlé ìrántí sí i ní 2018. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síbẹ̀ rọra yí ọ̀rọ̀ náà po, kò sọ pé obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin ni Anne. Àwọn èèyàn fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ ní 2019.

Mo ní àbúrò kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń kàwé ní London. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé ohun kan wà tí kò lè bá mi sọ, òun náà sì mọ̀ pé mo mọ̀. Èmi ni mo ní kó wo eré yìí. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ara wa lórí WhatsApp lẹ́yìn apá kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Ann Walker tí à ń sọ ti kúrò ní ti Ann Walker nìkan. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń ba Ann láti sọ fún màmá ẹ̀ o." Màmá Ann kò sí nínú eré yẹn, ó ti kú kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo tún ohùn náà gbọ́. Mo fèsì pé: "Sọ fún Ann pé ilé mi ṣí sílẹ̀ fún un, ìgbàkígbà." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá kọ ọ́ pé: "Ó gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ẹ ṣeun." A ò tíì sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nílé, òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní 2014 sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá ni fún ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì tó bá ṣègbéyàwó, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ẹ̀yin BBC, ẹ mọ iye èèyàn tó ń wo eré yín. Ẹ ò lè mọ ohun tí wọ́n ń fi í sọ fún ara wọn.

Ó yẹ kí n sọ bí ìtàn yìí ṣe dé ọwọ́ yín, torí pé díẹ̀ ló kù kó má dé. Lójoojúmọ́ ni Anne Lister ń kọ̀wé: ojú ọjọ́, iye tó ná, ibi tó rìn dé, ohun tó jẹ. Àpapọ̀ ọ̀rọ̀ tó kọ tó mílíọ̀nù márùn-ún. Ó fi ẹnà kọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà, ó pa álífábẹ́ẹ̀tì Gíríìkì pọ̀ mọ́ àwọn àmì ìṣírò àti àwọn èyí tó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú ẹnà yẹn ló kó ìfẹ́ rẹ̀ sí. Ní àwọn ọdún 1890, ìbátan rẹ̀ kan, John Lister, tó ń gbé Shibden nígbà náà, jókòó pẹ̀lú Arthur Burrell, olùkọ́ kan láti Bradford, wọ́n fẹ́ tú u. Lẹ́tà méjì péré ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀. Wọ́n wá rí bébà kékeré kan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí pé nínú Ọlọ́run ni nǹkan kan òun wà, nǹkan náà gan-an sì jẹ́ àmì ẹnà mẹ́rin. Ìrètí ni. Bí ìrètí ṣe ṣí ìyókù nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ka ohun tó wà níbẹ̀, Burrell ní kí wọ́n dáná sun gbogbo rẹ̀. John Lister ò sun ún. Ó kó àwọn ìwé náà sẹ́yìn pákó ògiri Shibden, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí tó fi kú ní 1933.

Ẹ ronú sí ọkùnrin yẹn. Kò láyà láti tẹ̀ ẹ́ jáde, kò sì lọ́kàn láti pa á run. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mìíràn tún mọ̀, wọ́n tún dákẹ́. Ìgbà tó di 1988 ni Helena Whitbread, obìnrin Halifax, tẹ ìwé àkọ́kọ́ tó fi apá tí wọ́n kọ ní ẹnà hàn gbangba. Ní 2011, UNESCO kọ àwọn ìwé ìrántí náà mọ́ àkọsílẹ̀ àwọn ohun ìrántí pàtàkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Sally Wainwright, tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Sowerby Bridge nítòsí ibẹ̀, gba ẹ̀bùn owó lọ́wọ́ àjọ Wellcome, ó sì fi lára rẹ̀ ran iṣẹ́ yíya àwòrán gbogbo ojú ìwé náà lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí eré jáde, ilé ìpamọ́ ìwé West Yorkshire ké sí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni láti máa dà á kọ, àwọn èèyàn sì dìde láti orílẹ̀-èdè káàkiri, àwọn tí ò mọ ibi tí Halifax wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ́ ẹnà náà. Wọ́n ń jókòó lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n ń tú u ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ní 2020 ni wọ́n rí ìwé ìrántí ti Ann Walker fúnra rẹ̀ nínú ilé ìpamọ́ náà, tó dá lórí 1834 sí 1835. Kò sẹ́ni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó wà. Eré yín ló dá irú ìtara bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí àbúrò mi wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Halifax. Nínú Shibden, kìnnìún onígi kan dúró lórí òpó àtẹ̀gùn, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ Anne Lister sì wà lára igi tó ní kí wọ́n gbẹ́. Àbúrò mi fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà náà láìfọwọ́ kàn án, torí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń wò ó. Obìnrin méjì kan tó ti dàgbà, irun wọn ti funfun tán, di ara wọn lọ́wọ́ mú nídìí fèrèsé, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ní Piece Hall láàárín ìlú, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ irun àgùntàn láyé àtijọ́, ère Anne Lister ti wà níbẹ̀ láti 2021. Suranne Jones ló wá ṣí i. Lọ́dọọdún, nítòsí ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, àwọn olólùfẹ́ eré yìí máa ń kó wá sí ìlú náà. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Ẹ ṣe fíìmù nípa ìyípadà tó dé bá ìgbé ayé àwọn kan lára wọn ní 2022, ẹ sì gbé e sáfẹ́fẹ́.

Ẹ wá jẹ́ kí n ka ohun tí ẹ ò tíì fi hàn wá.

Ní 1838, Anne Lister gun òkè Vignemale ní àwọn òkè Pyrenees, mítà 3,298. Ọmọ aládé Faransé kan náà gùn ún láàárín ọjọ́ mélòó kan sí i, wọ́n sì fẹ́ fún un ní ipò àkọ́kọ́. Anne gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ títí afinimọ̀nà òkè fi fọwọ́ sí ìwé pé òun ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ní 1839, òun àti Ann jọ fi Shibden sílẹ̀. Wọ́n gba Rọ́ṣíà, wọ́n dé Moscow, wọ́n gun ọkọ̀ lórí yìnyín odò Volga ní ìgbà òtútù, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ dé agbègbè àwọn òkè Caucasus. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ ọdún 1840 ni Anne kọ ìwé ìrántí rẹ̀ kẹ́yìn. Ibà mú un. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹsàn-án, ó kú sí Kutaisi ní Georgia, ẹni ọdún 49. Ann Walker nìkan ló kù pẹ̀lú òkú rẹ̀ ní ìdálẹ̀.

Èyí ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Ọmọ Yorùbá tó bá ti gbé ìlú òyìnbó pẹ́ mọ ohun tí à ń pè ní kí èèyàn kú sí ìdálẹ̀. A mọ bí wọ́n ṣe ń dá owó jọ nínú ẹgbẹ́ àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n ṣe ń sáré ìwé, bí ìyá nílé ṣe ń béèrè lójoojúmọ́ pé ìgbà wo ni òkú ọmọ òun ń bọ̀. Òde òní nìyẹn o, tí bàálù wà, tí fóònù wà. Ní 1840, obìnrin tí kò lè dá sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ níwájú ẹbí rẹ̀, tó ń gbọ́ ohùn lóru, tí gbogbo èèyàn ní kò lágbára, ló ṣètò bí òkú náà ṣe kúrò ní Kutaisi, ló sì rí i pé ó dé Yorkshire. Oṣù méje gbáko ló gbà. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 1841 ni wọ́n sin Anne Lister sí ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Halifax. Òkúta ibojì rẹ̀ sọnù sábẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà títí wọ́n fi tún rí i ní ọdún 2000.

Ìpele méjì ni Sophie Rundle fi mí mímí ẹni tó ń bẹ̀rù yẹn. Ẹ jẹ́ ká rí i lójú ọ̀nà yẹn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan láàárín yín á bẹ̀rù ikú. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2016, nígbà tí wọ́n pa Lexa nínú eré The 100 kété lẹ́yìn tí òun àti obìnrin tó fẹ́ràn sùn pọ̀. Inú bí àwọn olólùfẹ́ eré náà gidigidi, wọ́n sì fi ìbínú náà dá owó jọ fún àjọ Trevor Project tó ń dáàbò bo ẹ̀mí àwọn ọ̀dọ́. Ìbínú wọn tọ̀nà. Ìgbà tó ti pẹ́ ni àwọn òǹkọ̀wé eré ti ń pa obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin kí wọ́n lè rí ibi gbé eré gbà. Ti Anne Lister yàtọ̀ síyẹn. Kò sí òǹkọ̀wé tó pa á. Ó lọ wo ayé, ó sì kú lójú ọ̀nà, ẹni tó fẹ́ràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dá a sí. Kẹ́ ẹ wáá fi í sílẹ̀ láàyè ní Shibden títí láé torí kí ẹkún wa má bàa pọ̀, ìyẹn gan-an ni yóò gba Ann lọ́wọ́ wa.

Torí pé ti Ann ò parí sí ibojì. Nínú ìwé ìhágún, Anne fi Shibden sílẹ̀ fún un láti máa lò títí ọjọ́ ayé rẹ̀, àyàfi tó bá lọ́kọ. Ẹbí ò gbà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1843, wọ́n wá mú un. Ó ti yàrá mọ́rí. Ọlọ́pàá ló tú ilẹ̀kùn kúrò lára férémù rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú nítòsí York, ìlú tó ti bá Anne gba Ara Olúwa, wọ́n sì ní kò lè dá nǹkan rẹ̀ ṣàkóso mọ́. Ó kú ní 1854. Wọ́n sin ín sí Lightcliffe. Wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀. Ilé gogoro agogo rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ìkìlọ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ìtàn. Ẹni tó ń pàlọ́ ò gbọ́dọ̀ dìde láàárín àlọ́.

Mo mọ̀ pé owó ló ń ṣe é. Eré tí wọ́n ń wọ aṣọ igba ọdún sẹ́yìn, tí ẹṣin wà níbẹ̀, kì í ṣe owó kékeré, HBO sì ti lọ. Ṣùgbọ́n mi ò sọ pé dandan ni kó jẹ́ apá mẹ́jọ. Ẹ lè ṣe fíìmù gígùn méjì: ọ̀kan fún ìrìn àjò, ọ̀kan fún ilẹ̀kùn tí wọ́n tú. Mo ń san owó láísẹ́ǹsì tẹlifíṣàn lọ́dọọdún, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń san án, ìyá yẹn náà san tirẹ̀ pẹ́ kó tó di ẹni tó dàgbà jọ̀kọ̀tọ̀. Tí ẹ bá bi mí ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ná an sí, mo ti sọ ọ́ yìí.

Ẹ kàn sí Sally Wainwright. Ẹ pe Suranne Jones àti Sophie Rundle kí ọjọ́ tó lọ jìnnà sí i. Shibden ṣì wà lórí òkè rẹ̀, àwọn ojú ìwé náà ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n, ilé ìpamọ́ ìwé sì wà ní Halifax, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mọ ibi tí gbogbo rẹ̀ wà. Tí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ kéde ọjọ́ tó máa jáde. Èmi àti àbúrò mi máa gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà.

Mò ń retí èsì yín.

Èmi ni,
Ọmọ Yorùbá kan ní Leeds, olólùfẹ́ Ann Walker